Ẹ Bi Ẹlẹ́rọ: Àpótí Tó Wà Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kàn ju gbólóhùn kan sílẹ̀ níbí pé nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì kiri inú ilé, súwíìṣì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, pé ẹlòmíì ò tíì fún tiẹ̀ ní sọ́fítíwíà tuntun láti ọjọ́ tó ti rà á. Àṣé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn. Lẹ́tà yín pọ̀ débi pé n ò lè dáhùn tán, mo ṣa mẹ́fà nínú ẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ṣá, súwíìṣì tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń tan gílóòbù lára ògiri o, torí ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àpótí onírin pẹlẹbẹ tó ní ihò 8, 24 tàbí 48 ni, tí wọ́n máa ń ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀, tí iná ewéko ń ṣẹ́jú lára ẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan gọ̀, ẹ kàn ki wáyà bọ̀ ọ́ ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò lè bá a sọ nǹkan kan. Èkejì gbọ́n, ó ní àdírẹ́sì tiẹ̀, ẹ lè wọ inú ẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kí ẹ pàṣẹ fún un pé ihò 5 ò gbọ́dọ̀ rí ihò 6, èyí ni wọ́n ń pè ní managed. Èyí tó gbọ́n yìí ni ọ̀rọ̀ ápúdéètì kàn.

Ẹlẹ́rọ, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ilé ìtura kékeré kan ní Bódìjà, yàrá 18. Ọmọ tó ń bá wa tọ́jú Wáì-fáì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ gbé sọ́fítíwíà tuntun sínú súwíìṣì wa tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí n san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Súwíìṣì yẹn ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin, kò dáṣẹ́ sílẹ̀ rí. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí fẹ́ jẹ mí ni? — Ìyá Onílé Ìtura, Ìbàdàn

Ẹ kú àmójútó, mà. Bóyá ó fẹ́ jẹ yín àbí kò fẹ́, n ò lè mọ ìyẹn láti ibi tí mo jókòó sí, àmọ́ ohun tó sọ yẹn kì í ṣe irọ́. Súwíìṣì tó gbọ́n, kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú ẹ̀, ó ní mẹ́mọ́rì, ó ní sọ́fítíwíà, èèyàn ló sì kọ sọ́fítíwíà yẹn, ohun tí èèyàn bá kọ àṣìṣe ò ní ṣàì sí níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá àṣìṣe yẹn tọ̀sán-tòru. Tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá gbọ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á gbé fáìlì tuntun jáde, fáìlì yẹn ni ọmọ náà fẹ́ gbé wọlé. Pé ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin ò ní kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ wà ní títì, mà. Ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí, ó ń pa dé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi ọjọ́ tí olè bá dé.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀. Cisco, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe súwíìṣì, ní nǹkan kan nínú àwọn súwíìṣì ẹ̀ tó ń jẹ́ Smart Install, wọ́n ṣe é kí ẹni tó ra súwíìṣì tuntun má bàa máa rìnrìn àjò lọ fọwọ́ tò ó, á kàn ki wáyà bọ̀ ọ́, súwíìṣì á lọ gba ètò ẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀. Ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n kì í béèrè páṣíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti lè kan pọ́ọ̀tù 4786 (ilẹ̀kùn inú sọ́fítíwíà ni o, kì í ṣe ihò wáyà) lára ẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ ara ẹ̀ di ọ̀gá. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2018, Cisco gbé àtúnṣe jáde fún àṣìṣe ńlá kan nínú Smart Install yìí, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá sígbà yẹn, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, àwọn kan gba ojú Smart Install wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ètò inú súwíìṣì nù káàkiri, Iran àti Russia wà lára àwọn tó kàn. Wọ́n ń fi àsíà Amẹ́ríkà tí wọ́n fi lẹ́tà tò sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má da ìbò àwọn rú. Ìjọba Iran sọ pé nǹkan bí 200,000 ló kàn káàkiri ayé, 3,500 lọ́dọ̀ tiwọn. Àṣẹ kan péré, no vstack, ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn lórí àwọn tó gbà á. Ètò ni wọ́n nù, wọn ò fọ́ àpótí, torí náà ẹni tó ti tọ́jú ẹ̀dà ètò ẹ̀ síbòmíì kàn dá a padà ni, ẹni tí ò tọ́jú ẹ̀dà jókòó, ó ń rántí èyí tó bọ́ sí ihò wo.

Torí náà mà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ọmọ náà pé sọ́fítíwíà wo ló wà nínú ẹ̀ báyìí, èwo ló fẹ́ gbé wọlé, kí sì ni wọ́n tún ṣe nínú tuntun yẹn. Ilé iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ kedere. Tó bá dáhùn láìgé ẹnu jẹ, ẹ san owó ẹ̀, iṣẹ́ ni. Tó bá ń sọ pé "ó kàn máa yára sí i ni mà", ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ kà á. Ẹ sì ní kó fún yín ní ẹ̀dà ètò súwíìṣì náà sórí flash, kó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ tiẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtura ni mo ti rí tó jẹ́ pé ọmọ tó mọ páṣíwọ́ọ̀dù ti lọ Canada.

Òmíì tún wà tí ẹ ò béèrè. Ṣé àlejò tó wà ní yàrá 7 àti POS tó wà níwájú wà lórí ìlà kan náà? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè máa kan ilẹ̀kùn POS yín láti orí bẹ́ẹ̀dì. Súwíìṣì tó gbọ́n lè pín wọn sí VLAN, bí ẹni mọ ògiri sáàárín ilé kan náà ni, àlejò níbí, POS níbẹ̀, kámẹ́rà lọ́tọ̀. Láti 1998 ni ìlànà tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń ṣe é ti wà, 802.1Q, ó gba yàrá tó tó 4,094, mẹ́ta péré lẹ nílò. Owó ọjọ́ kan yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe èyí mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Mò ń ṣe ápúdéètì súwíìṣì ilé ìwé kan láago méjì ọ̀sán, ó ti dé ìdajì, NEPA mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, gbogbo iná ara ẹ̀ kàn tàn síbẹ̀, kò ṣẹ́jú, kò dáhùn. Mo tún wá rántí pé n ò ṣe backup. Ọ̀gá mi ò tíì mọ̀. — Ẹlẹ́rọ Kékeré, Òṣogbo

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kọ́kọ́ lọ sọ fún ọ̀gá ẹ, kó tó di pé ilé ìwé pè é. Lẹ́yìn náà ká wá sọ̀rọ̀.

Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú. Ọ̀pọ̀ súwíìṣì òde òní ní yàrá méjì fún sọ́fítíwíà, tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá wà ní yàrá kìíní, tuntun á lọ sí yàrá kejì, tí tuntun bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, á padà sí ti àtijọ́. Tìẹ ò padà, ìyẹn ni pé bóyá yàrá kan ló ní, àbí iná lọ níbi tó ti ń fọwọ́ kan sọ́fítíwíà kékeré tó ń jí ẹ̀rọ dìde. Mú wáyà console, kì í ṣe wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wáyà console tí èèyàn fi ń bá súwíìṣì sọ̀rọ̀ ní tààrà, so ó mọ́ láptọ̀ọ̀pù, kó o sì wò ó bóyá ó ń sọ nǹkan kan nígbà tó ń tàn. Cisco ń sọ̀rọ̀ ní ìyára 9600, àwọn ilé iṣẹ́ míì bíi MikroTik ní 115200, tó o bá ṣì í yàn, wíríwìrì lo máa rí, wà á rò pé ó ti bàjẹ́ tán.

Tó bá jẹ́ Catalyst (súwíìṣì Cisco) àtijọ́ tó sì gbé ọ̀rọ̀ "switch:" síwájú ẹ, máa jó kó o máa yọ̀. Ó ṣì wà láàyè. O lè fi xmodem (ọ̀nà àtijọ́ kan láti fi fáìlì ránṣẹ́) ti fáìlì tuntun wọlé láti ojú console yẹn, àmọ́ má fi 9600 ṣe é o, ní 9600 fáìlì 20MB máa gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, NEPA á ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó parí. Kọ́kọ́ sọ ọ́ di 115200, àṣẹ ẹ̀ ni set BAUD 115200, kó o yí ti láptọ̀ọ̀pù náà, á wá tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Rántí dá a padà tó o bá ṣe tán. Tó bá jẹ́ MikroTik, Netinstall ni tìẹ, òun á nù ún, á tún un gbé kalẹ̀ láti orí láptọ̀ọ̀pù. Àwọn yòókù, ka ìwé wọn.

Ní ti ìgbà míì. Súwíìṣì kì í jẹ iná púpọ̀ tí kò bá ń fún kámẹ́rà níná, UPS kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé á gbé e dé òpin, kí ló dé tó o fi gbẹ́kẹ̀lé NEPA? Bó o bá rí i pé ó pẹ́ lẹ́yìn tó o ní kó tàn, má yọ iná ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí sọ́fítíwíà ńlá bá ti wọlé tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ápúdéètì ẹ̀rọ kékeré inú wọn tó ń bójú tó iná kámẹ́rà, ó lè pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n sábà máa ń tàn lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fọwọ́ ara wa pa á.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, yẹ fáìlì wò. Ilé iṣẹ́ máa ń kọ nọ́ńbà gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, MD5 tàbí SHA, lórí Cisco wà á ní verify /md5 pẹ̀lú orúkọ fáìlì, tí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, pa á rẹ́, lọ gbà á tuntun. Dátà tó ń já tó ń so, o mọ̀ bí tiwa ṣe ń ṣe.

Backup wá ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nínú lẹ́tà ẹ, torí mo ti jẹ irú ìyà yẹn rí. Lórí Cisco, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àti ètò tí ẹ̀rọ máa kà nígbà tó bá tàn, méjì ni wọ́n, running-config àti startup-config. Ẹni tó tò ó lọ́dún méjì sẹ́yìn tí kò tẹ write memory láti tọ́jú ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà lórí afẹ́fẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá ní kó kú kó tàn fún ápúdéètì ni ẹ̀yin náà máa mọ̀. Ẹ ò sì lè bá sọ́fítíwíà tuntun jà, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, kó o tún da ẹ̀dà ẹ̀ sórí láptọ̀ọ̀pù, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Tèmi rèé. Mo jókòó nílé l'Ékòó, mo ń ti òkèèrè yí VLAN padà lórí súwíìṣì oníbàárà kan l'Ábẹ́òkúta, mo ṣì í yí ti wáyà tí èmi fúnra mi gbà wọlé. Ó dákẹ́. Mo wakọ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn lọ yọ wáyà iná kí n tún kì í bọ̀ ọ́, kó lè padà sí ètò tí mo ti tọ́jú, ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo lọ ṣe, mo padà sílé láàárọ̀. Tí mo bá ti tẹ reload in 10 kí n tó fọwọ́ kàn án ni, á kú fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì padà sí ti àtijọ́, tí gbogbo ẹ̀ bá dáa ma tẹ reload cancel. MikroTik ní Safe Mode, Juniper ní commit confirmed, tó ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí o kò bá sọ iye míì. Ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n, mo ra Catalyst 2960-X tokunbo ní Computer Village, Ìkẹjà, ihò 48, owó ẹ̀ dáa. Mo fẹ́ ṣe ápúdéètì, Cisco ní kí n mú contract wá. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ní fáìlì ọ̀hún lórí Telegram, kó fún mi? — Oníbàárà Ìkẹjà

Rárá o. Fáìlì tó o máa gbé sínú ẹ̀rọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ẹ ń gba inú ẹ̀ kọjá, o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan?

Ó yẹ kó o ti mọ̀ pé owó tokunbo Cisco ò parí sí Ìkẹjà. Sọ́fítíwíà ẹ̀, ẹni tó ní àdéhùn ìtọ́jú pẹ̀lú wọn ni wọ́n máa ń fún. Àmọ́ ilẹ̀kùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ààbò ni ápúdéètì yẹn tún ṣe, Cisco máa ń fún ẹni tí kò ní àdéhùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, kó o pe ilé ìrànlọ́wọ́ wọn, TAC, kó o fún wọn ní nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àpótí àti àdírẹ́sì ìkìlọ̀ ààbò yẹn tó fi hàn pé ẹ̀tọ́ ẹ ni. Ó gba sùúrù. Àtúnṣe àṣìṣe ni wọ́n máa fún ẹ o, wọn ò ní fún ẹ ní agbára tuntun tó ò sanwó ẹ̀. MikroTik àti TP-Link, fáìlì wọn wà níta gbangba fún gbogbo ayé, ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké pé kí wọ́n máa wo ibẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni orúkọ tó o dá yẹn. Catalyst 2960-X ni ayédèrú tí wọ́n gbé wá fún F-Secure, ilé iṣẹ́ ààbò kan ní Finland, tí wọ́n sì tẹ ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2020. Ṣé o mọ bí ẹni tó rà á ṣe mọ̀ pé ayédèrú ni? Ó ṣe ápúdéètì. Àwọn súwíìṣì yẹn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, wọ́n jọ ojúlówó bí ìbejì, sọ́fítíwíà tuntun wọlé báyìí, wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. F-Secure tú u wò, wọn ò rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ṣe é ti dọ́gbọ́n fò kọjá ibi tí ẹ̀rọ ti ń yẹ ara ẹ̀ wò bóyá ojúlówó lòun. Ọjà yìí ò sì kéré, ní 2024 ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ju ọkùnrin kan láti Florida sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ torí ayédèrú Cisco tó ń kó láti China àti Hong Kong. N ò sọ pé tìẹ náà rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kó o tó ṣe ápúdéètì, bá ẹni tó tà á fún ẹ sọ ọ́ pé tí kò bá dìde mọ́ o máa dá a padà, kó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tó ń lo TP-Link, kékeré kan fún yín: ẹ yí àpótí yín padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí V1, V2, V3 lẹ́yìn orúkọ ẹ̀. Fáìlì V2 ò sí fún V3, orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, ọjọ́ Àìkú nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ìjọ wa máa ń kú. Tí ìsìn bá ti wọra, gbogbo iná ara súwíìṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pọ̀ bí iná Kérésì, ìsìn tí à ń gbé sórí YouTube á dúró. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò ní sí nǹkan kan. Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i. — Ẹ̀ka Media, Ìkòròdú

Àdúrà dáa. Ẹ tún lọ wo ibi tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń jókòó sí. Mo lè fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà tẹ́tẹ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa ń rí wáyà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó ní "kí leléyìí ń ṣe nílẹ̀ báyìí", tó sì máa ń ki orí kejì ẹ̀ bọ ihò tó ṣófo lára ògiri. Orí méjèèjì ti wà nínú súwíìṣì kan náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹni tó ń gbálẹ̀ á yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń rìn nínú wáyà yìí kò ní ọjọ́ ikú, ìyẹn ni ìṣòro ẹ̀. Tí súwíìṣì bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí gbogbo èèyàn, á dà á síta ní gbogbo ihò, tí ihò méjì bá so pọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á jáde níbí á padà wọlé níbẹ̀, súwíìṣì á tún dà á síta, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sáàyè fún YouTube mọ́. Ní 1985 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Radia Perlman, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Digital Equipment Corporation l'Ámẹ́ríkà, ronú ọ̀nà tí àwọn súwíìṣì á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n yan ọ̀kan lólórí, kí wọ́n sì ti ọ̀nà èyíkéyìí tó bá máa mú kí ọ̀rọ̀ yí po. Ó sọ ọ́ ní Spanning Tree, wọ́n sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé ní 1990, òun la ṣì ń lò. Ti àtijọ́ máa ń gba nǹkan bíi 30 sí 50 ìṣẹ́jú àáyá kó tó mọ ohun tó ń lọ, èyí tó jáde ní 2001, tí wọ́n ń pè ní Rapid, yára jù ú lọ dáadáa.

Cisco máa ń tan án sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ àwọn súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀yin lẹ máa tan án, ó wà nínú ètò ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ STP tàbí RSTP, ẹ yan RSTP. Ẹ tún wo inú ètò yẹn bóyá Loop Protection wà, ẹ tan òun náà. Lára ihò tó lọ sọ́dọ̀ akọrin, ẹ tan BPDU Guard, tí ẹnì kan bá ti lọ so súwíìṣì míì tó ń lo Spanning Tree mọ́ ọn, ihò yẹn nìkan ni yóò kú, àwa yòókù á máa gbọ́ ìwàásù lọ. Bí súwíìṣì yín ò bá ní ìkankan nínú ẹ̀, ẹ wò ó bóyá sọ́fítíwíà tuntun ti fi kún un, ilé iṣẹ́ míì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ápúdéètì yẹn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ẹ káàbọ̀ o. Kámẹ́rà mẹ́jọ ló wà lórí súwíìṣì PoE wa ní ẹ́státéètì, ọ̀sán gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, alẹ́ méjì nínú wọn á kú. Ẹnì kan ní kí n ṣe ápúdéètì. — Akọ̀wé Ẹ́státéètì, Àkúrẹ́

Ápúdéètì kọ́ o, iná ò tó ni. Lálẹ́ kámẹ́rà máa ń tan iná ìríran òru ẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ á lọ sókè. Ìlànà PoE, ìyẹn iná tó ń gba inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá kámẹ́rà, ti 2003 gba 15.4 wọ́ọ̀tì fún ihò kan, ti 2009 gba 30, àmọ́ ìyẹn ni ohun tí ihò kan lè gbà, kì í ṣe ohun tí gbogbo àpótí ní. Súwíìṣì oníhò mẹ́jọ tó ní 60 wọ́ọ̀tì péré lápapọ̀ wọ́pọ̀ lọ́jà, tí kámẹ́rà mẹ́jọ bá fẹ́ 9 wọ́ọ̀tì lálẹ́, 72 nìyẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sùn lébi. Ẹ wo PoE budget lẹ́yìn àpótí tàbí nínú ètò ẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà sí ipò àkọ́kọ́ kó má bàa jẹ́ òun ló ń kú, kí ẹ tó ra èyí tó lágbára jù.

Torí pé ẹ ti dárúkọ ápúdéètì ṣá, ọ̀rọ̀ kan kù: tí súwíìṣì yín bá kú kó tún tàn, gbogbo kámẹ́rà náà á kú pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n á tún wá dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Catalyst ńláńlá ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní perpetual PoE, tí kì í já iná kámẹ́rà nígbà tí súwíìṣì fúnra ẹ̀ ń tún ara ẹ̀ tàn. Àwòrán á dúró fún ìgbà díẹ̀, kámẹ́rà ò ní kú. Tiyín ò ní ní i, nítorí náà ẹ ṣe é lọ́sàn-án, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọlọ́dẹ.

Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní Peckham ní London. Mo fẹ́ ra súwíìṣì fún ilé ìwé màmá mi n'Íjẹ̀bú-Òde. Ṣé èyí tí mo bá rà níbí dáa ju tilé lọ? Ṣé mo sì lè jẹ́ kó máa ṣe ápúdéètì fúnra ẹ̀, kí n má máa da màmá láàmú? — Ọmọ Ìyá Olùkọ́

Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n, ihò iná ẹ̀ pàápàá bára mu pẹ̀lú tilé, ẹ ò nílò adápútà. Àǹfààní kan wà ṣá. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2024, òfin UK kan tí wọ́n ń pè ní PSTI sọ pé ẹ̀rọ tó ń so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tà fún aráàlú ò gbọ́dọ̀ ní páṣíwọ́ọ̀dù kan náà tí gbogbo ayé lè mọ̀, ẹni tó ṣe é sì gbọ́dọ̀ sọ títí di ìgbà wo ni òun máa fi máa gbé ápúdéètì ààbò jáde fún un. Ẹ wá ọjọ́ yẹn kí ẹ tó sanwó. Òfin UK ò ní tẹ̀ lé e dé Ìjẹ̀bú, àmọ́ ọjọ́ yẹn á tẹ̀ lé e, tó bá ku ọdún kan péré, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti kó máa ṣe é fúnra ẹ̀, ọkàn mi pín sí méjì. Ní 2018 MikroTik tún àṣìṣe kan ṣe nínú RouterOS, sọ́fítíwíà inú ẹ̀rọ wọn, ní oṣù kẹrin, ó lé ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ, wọ́n rí i pé àwọn ọlọ́ṣà ti gba àṣìṣe yẹn kan náà wọ inú ẹ̀rọ tó lé ní 70,000, ní Brazil ló pọ̀ jù, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn wa owó kírípítò fún ara wọn. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é fúnra ẹ̀ ì bá ti yè. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe é fúnra ẹ̀ á fẹ́ ṣe é láago mẹ́ta òru, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé màmá yín, aago mélòó ni wọ́n ń pa á?

Ohun tí èmi máa ṣe ni pé, ma yan súwíìṣì tí mo lè máa wò láti Peckham lórí fóònù mi, ma ní kó máa ránṣẹ́ sí mi tí ápúdéètì bá jáde, kó má ṣe é. Tó bá jẹ́ ti ààbò, ma pe màmá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an pé jẹnẹrétọ̀ ti tàn àbí iná wà, kí n ṣe é lójú ẹ̀. Tó bá jẹ́ agbára tuntun lásán ni wọ́n fi kún un, ma jẹ́ kó pé oṣù kan sí méjì kí àwọn tó kánjú kọ́kọ́ rí àṣìṣe inú ẹ̀ fún mi. Lórí MikroTik ẹ máa rí ẹ̀ka tí wọ́n pè ní long-term àti èyí tí wọ́n pè ní stable, Cisco máa ń fi ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n bá ní kí èèyàn lò, ẹ tẹ̀ lé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí ojú ewé ètò ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba torí pé ẹ fẹ́ máa wò ó láti London o. Ní oṣù kẹwàá 2023 irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ lórí IOS XE, sọ́fítíwíà inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Cisco, ni àwọn kan gbà wọlé, wọ́n ń dá orúkọ ọ̀gá àgbà sílẹ̀ fún ara wọn láìní páṣíwọ́ọ̀dù kankan, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí àtúnṣe tó jáde, ohun tí Cisco ní kí èèyàn ṣe nígbà yẹn ò ju pé kó pa ojú ewé yẹn. Ẹ gba VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wọlé, tàbí orí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kí ẹ sì kọ páṣíwọ́ọ̀dù ẹ̀ sínú ìwé kan, kí màmá fi pamọ́ sínú fáìlì iléèwé, torí ẹ̀yin náà lè pàdánù fóònù.